Bí Ọyádèjì Ṣe Dojú Ìjà Kọ Mẹ́rìnlá

Ẹ yà lọ́nà o, ẹ̀yin ará Ìkìrun, ẹ yà lọ́nà, akọni ń bọ̀! Akínlàbí Ọyádèjì ni, Àdìgún, ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń mọ̀ pé ó ń bọ̀ kó tó yọ, nítorí pé bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti yanu, ó sì ń pàtẹ́wọ́ fún un bó ṣe ń rìn! Ọmọ-ọmọ Ọyádèjì àgbà ni, ẹni tó kọ́kọ́ gbé aago ògiri wọ agbolé wọn, aago ràgàjì tí kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo sọ àkókò tó tọ́, síbẹ̀ tí gbogbo ilé fi ń jẹun, tí wọ́n fi ń sùn, nítorí pé bàbá ló rà á, kò sì sí ẹni tó láyà láti sọ fún bàbá. Ọmọ Jéèmíìsì Ọyádèjì ni, mọ́nítọ̀ tó mi kíláàsì tìtì, ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sójú pátákó tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, tó kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó kọ orúkọ àbúrò rẹ̀, tó sì di ọjọ́ kan tó kọ orúkọ tíṣà. Ìdílé kan a máa bí jagunjagun, ìdílé kan a máa bí ọba. Ìdílé Ọyádèjì ní tirẹ̀, àwọn ènìyàn tí kò ṣe àṣìṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé ni wọ́n ń bí.

Ìjọba akọni náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, èyí tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Níbẹ̀ ló ti ń ṣe lẹ́sìnnì ìṣirò fún àwọn ọmọ Pírámárì Kẹrin ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti ti ilé ìwé dé, tí wọ́n sì ti jẹun. Ọmọ márùn-ún péré ni. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí tó kàn mọ́ ògiri pé: ỌMỌ DÍẸ̀, ÀBÓJÚTÓ PÚPỌ̀. Òótọ́ ni pé ọmọ díẹ̀ ni, nítorí pé bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ní ti àbójútó, ẹ bá mi wo ojú akọni náà nígbà tó bá jókòó sórí àga rẹ̀, tó nu gíláàsì ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ṣẹ́ẹ̀tì, tó wá wo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ náà bí ọ̀gágun tó dúró lórí òkè ṣe ń wo ìlú tó fẹ́ kó lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ogun náà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ wo ni ì bá tún jẹ́? Akọni dìde, ó gbá ṣọ́ọ̀kì mú, ó sì kọ ìṣirò kan sójú pátákó báyìí: 6 + 4 × 2. Bó ti kọ ọ́ tán, ó fẹ́ ẹfun kúrò ní ìka rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yin ìbọn tán tó ń fẹ́ èéfín.

"Ẹ ṣe é kíá," ó ní. "Ọmọ tó bá gbọ́n kò ní pẹ́ níbẹ̀."

Àwọn ọmọ tẹrí ba. Mẹ́rin nínú wọn pa mẹ́fà pọ̀ mọ́ mẹ́rin, ó di mẹ́wàá, wọ́n wá sọ mẹ́wàá di ìlọ́po méjì, ó di ogún. Akọni ń kọjá lẹ́yìn wọn, ó ń máàkì, báírò pupa rẹ̀ ń kọ yanranyanran. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni karùn-ún ló dúró gbọn-in. Ìbídùn ni ọmọ náà, ọmọ ìyá télọ̀ tó wà ní ìkòríta, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mẹ́rìnlá ló kọ.

"Mẹ́rìnlá?" akọni bú ramúramù. "Níbo lo ti rí mẹ́rìnlá?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní tí ìsọdipúpọ̀ bá wà níbẹ̀, òun ni ká kọ́kọ́ ṣe. Mẹ́rin lọ́nà méjì, mẹ́jọ. Tí a bá wá fi mẹ́fà kún un, mẹ́rìnlá."

"Àwọn ta ni wọ́n?"

"Àǹtí wa ní ilé ìwé, sà."

Háà! Ẹ̀yin òkè Ìkìrun, ẹ di ara yín mú! Wọ́n dárúkọ ẹlòmíràn lójú Ọyádèjì! Akọni bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Àǹtí yín! Ọmọdébìnrin tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lánàá! Ṣé ọwọ́ ọ̀tún lẹ ti ń kàwé bọ̀ ní tiyín ni? Ọwọ́ òsì la ti ń bẹ̀rẹ̀! Mẹ́fà àti mẹ́rin, mẹ́wàá. Mẹ́wàá lọ́nà méjì, ogún. Ó parí."

Kí ó má baà dà bíi pé agídí lásán ni, ó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ó yọ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì nínú àpò, ó tẹ ìṣirò náà sínú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ogún sì jáde. Ó gbé e yí bẹ́ǹṣì ká bí ẹni tó ń fi orí ọ̀tá han aráàlú.

"Ṣé ilé ìwé àǹtí yín ni fóònù yìí náà lọ?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Tọ̀míwá ló rẹ́rìn-ín jù, bẹ́ẹ̀ inú ìwé ẹni tó jókòó tì í ló ti wo ogún tó kọ. Ìbídùn wo fóònù, ó wo pátákó, ó ní, "Mẹ́rìnlá ni, sà."

"Olódo! Dìde. Lọ kọjú sí ògiri."

Ó dìde, ó lọ kọjú sí ògiri, ibẹ̀ ló sì wà títí lẹ́sìnnì fi parí. Kò sunkún. Báyìí ni ọkùnrin tó ga ju ilẹ̀kùn lọ, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ní ìwé ẹ̀rí mẹ́ta tó fi férémù dè, ṣe borí ọmọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀ tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ọ̀gágun kan a máa wá ọ̀tá tó bá wọn dọ́gba. Tiwa kò ní irú ìgbéraga bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́rú, Ìbídùn kò wá. Lọ́jọ́bọ̀, kò wá. Ìyá rẹ̀ ló wá. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí akọni dáadáa kó tó sọ ohun tó gbé e wá.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni."

"Kí ló ṣe é? Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

"Ara rẹ̀ yá. Ó ní òun ò ṣe ìṣirò mọ́ ni. Mo rò pé eré ni. Àmọ́ láàárọ̀ yìí mo ní kó bá mi ka bọ́tìnnì tí mo fẹ́ rán mọ́ aṣọ oníbàárà, nǹkan tó máa ń bá mi ṣe tayọ̀tayọ̀. Ó ní kí n kà á fúnra mi, pé òun ò mọ ìṣirò, olódo lòun." Ohùn ìyá náà rẹlẹ̀ níbẹ̀. "Tíṣà, èmi ò kàwé púpọ̀. Mo kàn tẹ ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ sínú fóònù mi bó ṣe kọ ọ́ gan-an. Mẹ́rìnlá ló gbé jáde fún mi."

"Fóònù yín ti bàjẹ́, Ìyá Ìbídùn," ni akọni wí, láì ṣẹ́jú.

Àmọ́ ìyàwó akọni fúnra rẹ̀, Màmá Fọlárìn, wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbọ́ wọn. Ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù tirẹ̀. "Bàbá Fọlárìn, mẹ́rìnlá ni tèmi náà sọ o."

Ọ̀tẹ̀ nínú ilé! Ọ̀tẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà! Akọni dáhùn pé òun yóò wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ìyá Ìbídùn sì dúpẹ́, ó lọ.

Ó wò ó lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ níwájú ilé, akọni yọ́ wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fa abọ́ àgbálùmọ̀ tí wọ́n rà lọ́jà sún mọ́ ara rẹ̀. Ó ka mẹ́fà sílẹ̀. Ó ní, tí ènìyàn méjì bá wọlé báyìí, tí kálukú mú mẹ́rin mẹ́rin wá ńkọ́? Ó ka mẹ́rin fún ẹni kìíní, ó ka mẹ́rin fún ẹni kejì. Ó wá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mẹ́rìnlá. Ó tún un kà láti apá kejì, bóyá àwọn àgbálùmọ̀ náà yóò ronú pìwà dà. Mẹ́rìnlá. Ó jẹ ọ̀kan nínú wọn níbi tó ti ń ronú, ó tún un kà, ó di mẹ́tàlá, ó wá rí i pé ibi tó ń lọ jìnnà sí ogún púpọ̀. Ìgbà náà ló gbé fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tó wò ó dáadáa, tó sì rí i pé bí ènìyàn bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ṣe é lọ, kì í dúró wo ohun tó ń bọ̀ níwájú. Ó jókòó sórí àpótí. Ó rántí bí ọmọ náà ṣe kọjú sí ògiri, tí okùn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ já, tí kò sì yíjú padà. Àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kan lójijì.

"Bàbá Fọlárìn," ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, "kí lẹ ń fi àgbálùmọ̀ ṣe?"

"Iṣẹ́ ìwádìí ni," ni akọni dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló dira ogun. Ẹ̀wù ìmúròde rẹ̀ ló wọ̀, ó sì tẹsẹ̀ bọ bàtà tó yanu náà. Ó gba ojú omi ọṣẹ àwọn tó ń fọ mọ́tò kọjá, ó fo gọ́tà, ajá kan gbó o, kò wẹ̀yìn. Ó dé ṣọ́ọ̀bù ìyá Ìbídùn ní ìkòríta, ó sì bá ọmọ náà nílẹ̀ níbi tó ti ń ṣa abẹ́rẹ́ sínú agolo. Ìbídùn kí i, "Ẹ káàsán, sà," ó sì padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Akọni wú ikọ́. "Ìbídùn, ṣé o rí i, ìmọ̀ ìṣirò jẹ́ ohun tó jinlẹ̀. Oríṣiríṣi ọ̀nà ló wà. Láyé ìgbà tiwa, bí wọ́n ṣe kọ́ wa..."

Ọmọ náà gbójú sókè. "Ṣé mẹ́rìnlá ni àbí ogún, sà?"

Ìyá rẹ̀ dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Akọni tó kojú fóònù méjì, tó kojú abọ́ àgbálùmọ̀ kan, òógùn bò ó níwájú orí.

"Mẹ́rìnlá ni," ó ní.

"Ta ló wá ṣì í, sà?"

"Ìbídùn!" ìyá rẹ̀ kígbe. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá Ìbídùn." Akọni bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Èmi ni. Èmi ni mo ṣì í. Ìwọ lo gbà á."

Ọmọ náà ju abẹ́rẹ́ kan sínú agolo. Lẹ́yìn náà ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àmọ́ iwájú àwọn Tọ̀míwá lẹ ti pè mí ní olódo, sà."

Ẹ ò rí nǹkan! Akọni ti rò pé ogun ti parí, àṣé ẹnubodè lásán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó wo ojú ọ̀nà bíi pé ẹnìkan lè wá gbà á sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wá.

"Wá sí lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́," ó ní.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ márààrún wà lórí bẹ́ǹṣì. Akọni kọ 6 + 4 × 2 sójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì sì ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yíjú sí wọn.

"Ìṣirò tí mo fún yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní, "mo ṣì í. Ìsọdipúpọ̀ la kọ́kọ́ ń ṣe. Mẹ́rìnlá ni. Ìbídùn nìkan ló gbà á nínú gbogbo wa, mo sì pè é ní olódo. Kì í ṣe olódo. Ìbídùn, jọ̀ọ́, má bínú."

Tọ̀míwá ya ẹnu sílẹ̀. Akọni gba ìwé ọmọ náà, ó fi báírò pupa pa àmì àṣìṣe tó kọ́kọ́ fà sí i rẹ́, ó sì máàkì í dáadáa, ó fà á gùn débi pé ó jáde kúrò nínú ìwé, ó kan bẹ́ǹṣì. Ìbídùn wo àmì náà. Ó ní, "Ó ti tó, sà." Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì tó ṣẹ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún Tọ̀míwá, ẹni tó béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ ogún.

Nítorí náà, kí gbogbo ayé gbọ́, kí ará oko sọ fún ará ilé! Lọ́jọ́ Ẹtì, ní ìlú Ìkìrun, lójú ọ̀sán gangan àti ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, Akínlàbí Ọyádèjì, Àdìgún, akọni tó ga ju ilẹ̀kùn, fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé òun ṣì í. Òrùlé kò já lulẹ̀. Òòrùn wọ̀ nígbà tó yẹ kó wọ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú. Gbogbo tíṣà, gbogbo bàbá, gbogbo ọ̀gá níbi gbogbo tí ẹ̀rù irú ogun báyìí ti ń bà láti ìgbà tí wọ́n ti dàgbà, kí wọ́n dìde, kí wọ́n wá sí Ìkìrun, kí wọ́n wá fojú rí ọkùnrin tó lọ síbẹ̀, tó sì padà wálé láàyè.