Ọkùnrin Tó Pẹjọ́ Nítorí Pé Ọkọ̀ Rẹ̀ Ń Rìn

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá síwájú Sólómọ́nì, yóò kọ́kọ́ béèrè omi tútù mu.

Ààfin wa níbí ní Lynwood, ilé ìgbọ́kọ̀sí Olóyè Orval Teague ni. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwa tí a ń fọwọ́ ara wa ṣe ọkọ̀ àràmàǹdà, àwọn ọkọ̀ tí a ń tò sínú gbọ̀ngàn fún àwọn èèyàn láti wá wò. Ìjókòó ọkọ̀ Kádílákì àtijọ́ kan ni ìtẹ́ rẹ̀. Sípánà ló fi ń lu ríìmù bí ẹnu bá pọ̀ jù. Àwa ìgbìmọ̀ jókòó lórí táyà àti agolo ọ̀dà, a ń mu kọfí.

Ẹni tó pẹjọ́ ni bàbá arúgbó Wendell Krantz. Òun ló ṣe Ẹyin Ọ̀run nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́: ọkọ̀ aláwọ̀ àlùkò tí kò ní ilẹ̀kùn kankan, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ ike tó mọ́ gaara, tó yọ róbótó sókè bí ẹyin, tí ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ á dà bí èso inú ìgò. Ọkọ̀ náà gba ife-ẹ̀yẹ láyé ọjọ́un, lẹ́yìn náà ó wọ àká lẹ́yìnkùlé, àwọn eku sì fi ṣe ilé. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ní kí Rubén Tafoya, tó mọ títún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, dá a padà sí bó ṣe wà. Rubén yìí ni wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Olóyè lu ríìmù. "Wendell, kí ni ọmọkùnrin yìí ṣe fún ọ?"

"Ó ba ayé mi jẹ́, Olóyè."

"Ó fọ́ ọkọ̀ ni?"

"Rárá o."

"Ṣé ọ̀dà ló kùn tí kò dára?"

"Ọ̀dà náà dára. Ó dára ju èyí tí èmi kùn lọ, kí Ọlọ́run dárí jì í."

"Kí ló wá ṣe?"

Wendell na ìka sí Rubén. "Ó mú kí ó máa rìn!"

"Kí ni kó máa rìn?"

"Ọkọ̀!"

Olóyè wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnì kan nínú wa gbọ́ ohun tí òun kò gbọ́.

"O gbé ọkọ̀ fún un kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ọkọ̀ ń rìn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni! Ẹ pàṣẹ kó yọ ẹ́ńjìnì yẹn kúrò lónìí, kí oòrùn tó wọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé mi tú."

"Wendell, nígbà tí Jésù jí Lásárù dìde, ṣé Màtá gbé E lọ sí kóòtù?"

"Lásárù ti ń rìn tẹ́lẹ̀ kó tó kú. Ọkọ̀ tèmi kò..." Ó gé ọ̀rọ̀ náà kù, ó wo àwa ìgbìmọ̀, ó húkọ́. "Ohun tí mò ń sọ ni pé ìtàn ni mò ń gbèjà. Ìtàn, Olóyè!"

Olóyè yíjú sí Rubén. "Ṣé lóòótọ́ ni o fi ẹ́ńjìnì sínú ọkọ̀ bàbá yìí?"

"Mi ò fi í síbẹ̀, Olóyè. Ó wọlé ni."

"Ó ní ẹsẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnì kan wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Òjò fẹ́ rọ̀."

"Òjò? Ní Lynwood? Nínú oṣù kẹjọ tí òjò kì í rọ̀ níbí?"

"Ojú ọ̀run ṣú, Olóyè. Àánú ẹ́ńjìnì yẹn wá ṣe mí. Mo rí i pé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Ẹyin Ọ̀run ṣófo, mo ní kó sá pamọ́ síbẹ̀ díẹ̀."

"Àwọn nọ́ọ̀tì tí o fi dè é mọ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Kó má baà ṣubú, kó má lọ fara pa."

"Epo bẹntiróòlù ńkọ́?"

"Ó dà nù. Inú táńkì ló dà nù sí."

"Kọ́kọ́rọ́ tó tan ẹ́ńjìnì ńkọ́?"

"Orúnkún mi ló gbá a."

"Rubén!"

"Orúnkún mi gùn, Olóyè. Bí ìyá mi ṣe bí mi nìyẹn. Bí ọkọ̀ náà ṣe dáhùn báyìí, ó di ojú títì. Ọkọ̀ tí kò rìn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, tó wá rí títì, ṣé èmi ni mo fẹ́ dá a dúró?"

Olóyè gbé sípánà sílẹ̀. "Dúró ná. Kò rìn rí? Láti ìgbà èwe wa ni Wendell ti ń sọ fún wa pé ó ń sáré bí mànàmáná."

"Olóyè, ohun tí mo bá lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ́ńjìnì. Páànù òfìfo ni, tí wọ́n fi kúrómù pa lára tó ń dán bíi dígí. Eku kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀."

"Irọ́ ni!" Wendell pariwo. "Mo ní ẹlẹ́rìí! Clell, dìde!"

Clell Pomeroy, ọ̀rẹ́ Wendell láti ìgbà èwe, fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó búra pé òótọ́ ni òun máa sọ, àfi bí ó bá le jù.

"Clell, ṣé ọkọ̀ yìí rìn rí?"

"Ó rìn, Olóyè! Lórí adágún gbígbẹ nínú aṣálẹ̀. Ó sáré ju ìjì lọ. Àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn, eruku ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ lálá."

"Níbo ni ìwọ wà?"

"Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an."

"Nínú ọkọ̀ wo?"

"Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn."

"O fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé ọkọ̀ tó sáré ju ìjì lọ?"

"Ara mi yá gágá nígbà yẹn, Olóyè."

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́, níbo ló wà?"

Clell wo Wendell. Wendell ń wo àjà.

"Ó wà lára ọkọ̀."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń tì í."

"Eruku tó ń sọ lálá ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ló ń fi ìgbálẹ̀ gbá a sókè. Ìgbálẹ̀ yẹn hàn díẹ̀ nínú àwòrán, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rò pé ara ọkọ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan tiẹ̀ lọ so irú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tiwọn."

Níbẹ̀ ni kọfí ti gba imú ẹnì kan jáde nínú ìgbìmọ̀. Olóyè lu ríìmù títí a fi dákẹ́.

"Wendell, gbọ́ mi dáadáa. Bí ọkọ̀ yìí bá rìn láyé àtijọ́, a jẹ́ pé bó ṣe wà ni Rubén dá a padà sí, o kò lẹ́jọ́. Bí kò bá sì rìn, o ti ń parọ́ fún wa láti ìgbà tí irun wa ṣì dúdú. Èwo lo mú?"

Wendell ronú. "Ó rìn, Olóyè. Lórí ìdúró."

"Kí ni wọ́n ń pè ní ìrìn orí ìdúró?"

"Ẹni tó bá ti rí i, á mọ̀ pé tó bá wù ú, á rìn."

Ohùn Olóyè wá rọ̀. "Wendell, ọ̀rẹ́ mi, nígbà yẹn, ta ni nínú wa tí kì í ti ọkọ̀ rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn? Tèmi gan-an kò ní gíà. Ìtìjú kankan kò sí níbẹ̀. Sọ òótọ́ fún mi. Kí ló dé tí o fi fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ kú padà?"

Ẹnu ọ̀nà ni Wendell ń wò. Àwa náà bá a wò ó. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Arletta, ló dúró síbẹ̀, ó dé fìlà tó ń dé lọ sí ìsìn, ó gbé báàgì lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ṣé ẹjọ́ Barstow ni ẹ ń dá?"

"Ẹjọ́ ọkọ̀ ni, Màmá."

"Ọ̀kan náà ni."

Wọ́n fún un ní táyà tó mọ́ jù lọ kó jókòó. Kò jókòó.

"Olóyè, lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi Earline ló ṣe sàláàdì ọ̀dùnkún. Ọkùnrin yìí tọ́ ọ wò níwájú olùṣọ́-àgùntàn, ó tu ú sínú ìkòkò òdòdó, ó ní kí wọ́n bá òun di èyí tó kù, òun á fi dí ihò ara ọkọ̀. Earline fi ẹkún padà sílé rẹ̀ ní Barstow. Láti ọjọ́ náà, kò fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà wa mọ́."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni mo sọ," Wendell kùn.

"Mo ní kó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì wa, ó ní, 'Arletta, ọjọ́ tí Ẹyin Ọ̀run bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, inú rẹ̀ ni màá gbé ọ sí lọ sí Barstow, màá sì fi ẹnu ara mi bẹ Earline.' Mo ní, 'Ṣé kò tíì rìn ni?' Ó ní, 'Ó kù díẹ̀.'" Ó wo ọkọ rẹ̀. "Díẹ̀ yẹn ti lé ní àádọ́ta ọdún."

"Ṣé o kò rí ẹ̀gbọ́n rẹ láti ìgbà náà ni?"

"Mò ń wọ bọ́ọ̀sì lọ kí i, Olóyè, èmi nìkan. Ní gbogbo ìgbà ló máa ń bi mí pé, 'Ṣé ó ti rìn?' Màá ní rárá, a ó sì jẹun. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn báyìí. Mo fẹ́ kó rí ọkùnrin yìí lórí ìkúnlẹ̀ kí ojú náà tó lọ tán."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mò ń bomi rin òdòdó, ni mo rí Ẹyin Ọ̀run tó ń kọjá lọ lójú títì. Rubén wà nínú rẹ̀, ó ń fọn fèrè. Mo ju omi sílẹ̀. Mo wọlé, mo dé fìlà, mo gbé báàgì, mo jókòó síwájú ilé. Ibẹ̀ ni mo wà tí ilẹ̀ fi ṣú."

"Wendell ńkọ́?"

"Ó gba ojú fèrèsé jáde, ó wá pẹjọ́."

Olóyè bo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó ṣí i, Rubén ló wò. "Báwo ni òrùlé ọkọ̀ yẹn ṣe ń ṣí?"

"Rìmóòtù ni, Olóyè."

"Láti inú ńkọ́?"

"Kò ṣeé ṣí láti inú. Bàbá Wendell kò ṣe é bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un, nítorí kò sí ẹni tó ń lọ síbì kan nínú rẹ̀. Bó ṣe wà ni mo dá a padà sí."

"Afẹ́fẹ́ ń wọlé?"

"Dáadáa. Ihò wà nísàlẹ̀."

"Ohùn ńkọ́, ó ń jáde?"

"Ike yẹn nípọn, Olóyè. Àfi téèyàn bá pariwo gan-an."

Ẹ̀rín bọ́ sí ojú Olóyè, ojú Wendell sì funfun. Olóyè dìde dúró. Gbogbo wa dìde.

"Wendell Krantz, ọkọ̀ kò ní kú. Lọ́la, ní ìdájí kí oòrùn tó mú, ìwọ àti ìyàwó rẹ yóò wọ Ẹyin Ọ̀run, ẹ ó sì forí lé Barstow. Rubén, nítorí orúnkún rẹ, ìwọ yóò máa fi ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀lé wọn, ìwọ lo máa gbé omi. Clell, ìwọ náà á lọ. Bí ọkọ̀ bá dákẹ́ lórí òkè Cajon lójú ọ̀nà, o mọ iṣẹ́ rẹ."

"Olóyè, mo ti darúgbó!"

"Mú ìgbálẹ̀ ìyàwó rẹ dání kí o fi ṣe ọ̀pá. Bí ẹ bá dé iwájú ilé Earline, Arletta yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò pa òrùlé dé mọ́ ọkọ rẹ̀, yóò sì fi rìmóòtù lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Wendell, ìwọ yóò kúnlẹ̀ lórí ìjókòó, o ó sì máa bẹ̀ ẹ́ láti inú ẹyin yẹn. Ìgbà tó bá gbọ́ ọ, tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ni yóò ṣí i."

"Ṣùgbọ́n ohùn kì í jáde!"

"Nítorí náà ni kí o pariwo. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, gbogbo ìjọ ló gbọ́ èébú náà. Jẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Wendell fò sókè. "Mi ò gbà! Mo fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn!"

"Sí ọ̀dọ̀ ta ni? Ẹni tó kù lókè mi, Ọlọ́run ni, Òun náà sì ti ń retí ọ ní Barstow láti ọjọ́ yẹn."

Olóyè lu ríìmù, ẹjọ́ tú. Màmá Arletta tẹ́wọ́ gba rìmóòtù lọ́wọ́ Rubén, ó jù ú sínú báàgì, ó pa báàgì náà dé.

"Wendell," ó ní, "máa bọ̀ nílé kí o wá mu tíì olóyin. Mi ò fẹ́ kí ohùn rẹ há lọ́la."