Rọ́bà Ọláìtán Ń Dán

"Kò sí bọ́ọ̀lù orí tábìlì tí n kò lè mú jó! Bí mo bá gbá a, á yí bí òkòtó, á tún kí yín kó tó balẹ̀!"

Ọláìtán ló wí bẹ́ẹ̀ ní gbọ̀ngàn wa ní Sábó, lọ́dún 1974. Akọ̀wé ìjọba ni. Ohun tí kò bá dán, kò kà á sí nǹkan kan. Bàtà rẹ̀ ń dán, bẹ́líìtì rẹ̀ ń dán, irun áfúrò rẹ̀ pàápàá ń dán fún pòmédì.

Ààyè kan ṣoṣo ló kù nínú ikọ̀ wa tó máa bá àwọn Surulere figagbága lọ́jọ́ Sátidé. Ọláìtán ti sọ fún Rosaline, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, pé òun ti wọlé. Ẹ̀gbọ́n Gbádé, olórí ikọ̀, kò tíì gbọ́ ní tirẹ̀. Ó ní kí Ọláìtán kọ́kọ́ bá Àmúdàtù gbá a ná, ọmọdébìnrin kan tó ń ránṣọ ní Tejúoṣó.

"Aránṣọ? Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bú mi!"

Mo ti kàwé díẹ̀ ní pólì, mo bá gbà á nímọ̀ràn. "Má lu bọ́ọ̀lù o. Fi bátì họ ọ́ lẹ́yìn láti ìsàlẹ̀ sókè, bí ẹni ń ṣá ìṣáná. Rọ́bà ojú bátì ló máa gbá a mú tí á fi yí."

Kí ni Ọláìtán gbọ́ níbẹ̀? Rọ́bà! Ó gbé bátì lọ sílé láti lọ "tọ́jú" rẹ̀. Nígbà tó gbé e dé, ó ti fi pòmédì kùn ún, ó nù ún, ó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó ń yarun.

"Ó dán àbí kò dán?"

"Ó dán," ni mo dáhùn. Irọ́ kọ́ ni mo pa.

Wọ́n ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni. Rọ́bà ti Ọláìtán dán, ó sì ń fi han gbogbo àdúgbò.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ọláìtán họ bọ́ọ̀lù láti orúnkún dé òkè àjà. Bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ̀rọ́ lójú rọ́bà bí ilá, ó já sínú àwọ̀n. Ìkejì balẹ̀ sórí bàtà òun fúnra rẹ̀. Ìkẹta bọ́ sí itan Rosaline tó jókòó ń wòran.

"Atẹ́gùn ni," ni Ọláìtán wí. Gbogbo fèrèsé ló wà ní títì.

Rọ́bà ti Àmúdàtù rí ṣákiṣàki bí ahọ́n ológbò. Ó kàn họ bọ́ọ̀lù fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń gbọn òwú kúrò lára aṣọ. Bọ́ọ̀lù kan tábìlì, ó yà sósì. Apá ọ̀tún ni Ọláìtán ti ń na afẹ́fẹ́.

Lójijì, Àmúdàtù dúró, ó gbóòórùn bọ́ọ̀lù. "Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán, ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀lù yìí ń ta sánsán bí ọmọ tuntun."

Rosaline náà gbóòórùn rẹ̀. "Yéè! Pòmédì tí mo rà fún yín lọ́jọ́ ìbí!"

Ẹ̀rín ń pa wá kú lọ. Ọláìtán fìbínú gbá èyí tó kàn, àmọ́ igi bátì náà ti jẹ pòmédì tirẹ̀. Bátì fò lọ, ó ṣí fìlà lórí Ẹ̀gbọ́n Gbádé.

Mọ́kànlélógún sí méjì ni wọ́n parí ẹ̀ sí. Méjì yẹn, ẹ̀rín ni kò jẹ́ kí Àmúdàtù rí bọ́ọ̀lù.

Lọ́jọ́ Sátidé, a dé Surulere. Àmúdàtù ń gbá a, èrò ń hó, Rosaline ń pàtẹ́wọ́ níwájú. Ẹ̀gbọ́n Gbádé ti fún Ọláìtán níṣẹ́: òun ni yóò máa ṣa bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan yí wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ọláìtán rá wọlé, ó jáde pẹ̀lú eruku lórúnkún, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu bọ́ọ̀lù náà, ó fọwọ́ méjèèjì nà án sí ọmọ Tejúoṣó.

"Àǹtí," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ gbà."