Akínloyè, Àwọn Àna Rẹ̀ àti Ihò Òkété Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ lọ́la pé bàbá bàbá òun náà wà níbẹ̀. Ọ̀jẹ́dìran, bàbá tó bí ìyá mi, ló ni oko. Ọdúnọlá, ìyàwó rẹ̀, wà níbẹ̀. Láògún, àbúrò Ọ̀jẹ́dìran, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wà níbẹ̀. Àṣàbí, ìyá mi, wà níbẹ̀. Wúńdíá ni nígbà náà. Tanímọ̀la, ajá wọn, wà níbẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró, ìyá tó bí Ọ̀jẹ́dìran, bá wọn níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́. Ẹni ìkẹyìn ni Akínloyè, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ìyá mi. Kò sí ẹlòmíràn. Àwọn ará ilé òdìkejì tó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe, irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ó dáa. Ta ló mọ ìdí tí àwọn àgbà ilé wa fi máa ń sọ pé ẹni tó ń ṣọ́ ihò òkété kì í dọ̀bálẹ̀ kí àna? Láti kékeré lẹ ti ń gbọ́ ọ. Ṣé ẹ rò pé ẹnì kan ló jókòó tó rò ó jáde ni? Ẹran ara ni wọ́n fi ra òwe yẹn.

Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe máa ń ta ayò lọ́jọ́ ìsinmi ni Ọ̀jẹ́dìran máa ń wa òkété. Kì í ṣe pé ẹran wọ́n ọn. Ewúrẹ́ rẹ̀ kún ọgbà. Ohun tó ń dùn ún ni pé òkété a máa hú ẹ̀bù iṣu rẹ̀ jẹ nínú ebè, a máa wa ẹ̀pà rẹ̀, bó bá sì yó tán, a fi erùpẹ̀ dí ilẹ̀kùn ara rẹ̀ láti inú, a sùn bí olówó. Ọ̀jẹ́dìran gbà pé òkété ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ti di ọjọ́ ìsinmi, yóò gbé ọkọ́, yóò pe ajá rẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn bí ti ọmọdé.

Ibẹ̀ náà ló ti ń dán ọkùnrin wò. Ó ní, “Ẹni tí kò bá lè dúró ti ihò kan fún wákàtí kan, báwo ni yóò ṣe dúró ti obìnrin kan fún ogójì ọdún?” Ọmọkùnrin méjì ló ti wá tọrọ Àṣàbí ṣáájú. Ọ̀kan ń kọrin lẹ́nu ihò. Èkejì sùn. Àwọn méjèèjì ti bá ọ̀nà wọn lọ.

Akínloyè ni Àṣàbí fẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la tí yóò lọ sóko Ọ̀jẹ́dìran ni ìyá Akínloyè pè é jókòó, ó gbé ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ tuntun fún un, èyí tó fẹ̀ débi pé ènìyàn méjì lè wọ̀ ọ́, ó sì kìlọ̀ fún un.

“Akínloyè, ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń jẹ sùn nílé tí ò ń lọ yìí. Ẹnikẹ́ni tó o bá rí níbẹ̀, dọ̀bálẹ̀. Bó bá jọ pé ó kéré sí ọ, dọ̀bálẹ̀ ná, kó o tó bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀.”

Ìkìlọ̀ yẹn ló ba nǹkan jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń fín òkété nìyí. Ihò rẹ̀ kì í ní ẹnu kan. Wọn a wá gbogbo ẹnu ihò náà rí, wọn a fi òkúta dí wọn, wọn a ṣẹ́ méjì kù. Lẹ́nu kan, wọn a gbé ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti lu kalẹ̀, wọn a kó ihá ẹyìn àti ata gbígbẹ sí i, wọn a finá sí i, wọn a máa fẹ́ èéfín rẹ̀ wọlé. Lẹ́nu kejì, ẹnì kan a dúró pẹ̀lú kùmọ̀. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ yẹsẹ̀, kò sì gbọdọ̀ mójú kúrò nílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n fi Akínloyè sí.

Èéfín wọ ihò kìíní. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kìtìkìtì. Akínloyè gbé kùmọ̀ sókè. Àsìkò yẹn gan-an ni Láògún, tó lọ pọnmi, yọ láti ẹ̀yìn ebè. Akínloyè ju kùmọ̀ sílẹ̀, ó nà gbalaja.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá!”

Òkété yọ jáde, ó gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó wọgbó. Tanímọ̀la lé e, òun náà gba orí ẹ̀yìn kan náà.

Láògún gbé omi sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo àna yín o! Ó ti di títì.”

Ọ̀jẹ́dìran dìde nídìí iná. “Akínloyè, kí ni mo ní kó o máa ṣọ́?”

“Ihò ni, Bàbá.”

“Ta lo wá ń kí?”

“Àbúrò yín ni, Bàbá.”

“Òkété wo lo ti rí tó ń dúró kí ènìyàn kíni tán?”

Àṣàbí, tó ń kó ihá bọ̀, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì rọra sọ fún un pé, “Ṣé èmi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí ilẹ̀?”

Wọ́n bọ́ sí ihò kejì. Akínloyè ti gbọ́n díẹ̀. Ó pinnu pé òun kò ní ju kùmọ̀ sílẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ dún, ó múra. Ni Ọdúnọlá bá gbé iṣu sísun dé. Akínloyè rí ìyá ìyàwó, ara rẹ̀ kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ. Bó ṣe da ara rẹ̀ sílẹ̀ ni kùmọ̀ fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá ìkòkò iná, ó fọ́ ọ yángá. Ata tú sí afẹ́fẹ́. Ọ̀jẹ́dìran ń wúkọ́, Láògún ń wúkọ́, Tanímọ̀la ń sín, iṣu sì ti bọ́ lórí Ọdúnọlá. Òkété rọra jáde, ó wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀, ó gbé ègé iṣu kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

“Kùmọ̀ tí mo ní kó o fi pa eku,” ni Ọ̀jẹ́dìran wí, omi ń dà lójú rẹ̀, “ìkòkò lo fi pa.”

Ọdúnọlá bẹ̀ ẹ́. “Ẹ rọra, Bàbá Àṣàbí. Ọmọ tó mọ̀wàá hù ni.”

“Ìwà yìí náà ni yóò jẹ ẹ̀bù iṣu mi tán, Ìyá Àṣàbí!” Ó yíjú sí Akínloyè. “Ihò kan ló kù. Bí òkété ihò yẹn bá lọ, kí ìwọ náà máa lọ. Má padà wá mọ́.”

Àṣàbí ń nu ojú. Kì í ṣe ata nìkan ló ń ta á lójú.

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà tún bàjẹ́, Ọ̀jẹ́dìran fúnra rẹ̀ ní kí Láògún lọ dúró sójú ọ̀nà, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. “Bí ọba bá ń bọ̀, ní kó padà.” Ó wá lo àfọ́kù ìkòkò, ó tún iná dá lẹ́nu ihò kẹta.

Láògún ṣọ́ ọ̀nà dáadáa. Ṣùgbọ́n inú igbó ni Ìyá Àwẹ̀ró ti ń ṣẹ́gi, inú igbó náà ló sì gbà yọ, igi lórí. Ajá kò gbó o, nítorí ará ilé ni. Ojú arúgbó náà kò ríran tó mọ́, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọkùnrin kan dúró gangan níwájú òun.

“Ta nìyẹn tó dúró bí òpó?”

Ilẹ̀ ń dún kìtìkìtì. Akínloyè wo ihò, ó wo arúgbó. Bó bá dọ̀bálẹ̀, òkété lọ, Àṣàbí lọ. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀, ìyá tó bí bàbá ìyàwó ló dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú igi lórí yìí. Àṣàbí náà lọ. Ó bá dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n orí ihò náà ló dọ̀bálẹ̀ sí.

“Akínloyè ni, Ìyá. Èmi ni mo fẹ́ fẹ́ Àṣàbí.”

“Háà! Ọkọ Àṣàbí!” Ìyá Àwẹ̀ró sọ igi kalẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ sì mọ̀ pé ènìyàn kì í dìde nínú àdúrà àgbà títí àgbà yóò fi ní kó dìde.

“Ìwọ àti ìyàwó rẹ yóò jọ pẹ́.”

“Àmín.” Òkété ti rí ẹnu ṣòkòtò. Ó wọ ẹsẹ̀ òsì.

“Wàá fi ọwọ́ ara rẹ gbọ́mọ pọ̀n.”

“Àmííín!” Ó ti gé e jẹ ní itan.

Inú Ìyá Àwẹ̀ró dùn. Láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ṣe ni àwọn ọmọdé máa ń kùn bó bá ṣàdúrà fún wọn. “Wàá bí ìbejì!”

“Àmín o! Àmín! Yéè, àmín!”

“Ó mà ń gbọ̀n! Àdúrà mi wọ̀ ọ́ lára!”

“Ó wọ̀ mí lára, Ìyá!”

Arúgbó bá tún bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn baba ńlá.

Ọ̀jẹ́dìran gbọ́ ariwo àmín, ó ju abẹ̀bẹ̀ nù, ó sáré dé. “Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì la wá kọ́ sóko ni?” Ó wò, ó rí i pé Akínloyè dùbúlẹ̀ sójú kan, ṣùgbọ́n ṣòkòtò rẹ̀ ń rìn. Ìrù gígùn kan sì yọ lẹ́nu ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà.

“Akínloyè, dìde.”

“N kò lè dìde, Bàbá. Ìyá kò tíì ní kí n dìde.” Ó mí kanlẹ̀. “Bí mo bá sì dìde, yóò sá lọ.”

Ọ̀jẹ́dìran jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí Láògún fi sá dé láti ojú ọ̀nà, ó rò pé ejò ló bu ẹnì kan jẹ. Wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì. Bí wọ́n ṣe yọ òkété náà jáde, ẹ má bi mí. Àwọn obìnrin kẹ̀yìn síbẹ̀ ni.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ọ̀jẹ́dìran mi orí. “Ìyá mi, ọmọ yìí kì í ṣe ọdẹ o.”

“Ta ló ní kó ṣọdẹ?” ni Ìyá Àwẹ̀ró dáhùn. “Ẹni tí eku ń jẹ ní itan tó ṣì ń ṣe àmín sí àdúrà arúgbó, bí ọmọ wa bá bínú sí i, ibo ni yóò sá lọ?”

Ọ̀jẹ́dìran fa Akínloyè dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò láyà rẹ̀. “Àṣàbí ti di tìrẹ. Ṣùgbọ́n kí gbogbo yín gbọ́: láti òní lọ, lóko mi yìí, ẹni tó ń ṣọ́ ihò òkété kì í dọ̀bálẹ̀ kí àna. Bí àna bá ń bọ̀, kí àna dúró.”

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí wọ́n ní kí ọkọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó, Láògún ké láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wo ilẹ̀!” Akínloyè sì wò ó dáadáa. Òun ni bàbá mi.

Nítorí náà, ìwọ Ìbùkúnolú ọmọ ọmọ mi, bí mo bá pè ọ́ nígbà tó o bá ń wakọ̀, má gbé fóònù. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ kí n rò pé o kò bọ̀wọ̀ fún mi, mo sì ń gbọ́ bí àwọn ọkọ̀ ṣe ń fọn fèrè lé ọ lórí bó o ti ń sọ pé, “Ẹ káàsán, Màmá Àgbà.” Jẹ́ kó máa dún. Wakọ̀ náà délé, pa á, sọ̀kalẹ̀, kó o tó wá kí mi. Ẹni tó ń ṣọ́ ihò òkété kì í dọ̀bálẹ̀ kí àna.