Agogo Kẹ̀kẹ́ Kì í Ṣe Ìkíni

Kírín-kírín! Kírín-kírín!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Ọ̀sà, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin! Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè tí ẹ ń wo òkun, ẹ̀yin tí ẹ wà nísàlẹ̀ tí òkun ń wò! Ẹ pa rédíò! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé e mì! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè, kó dì í mọ́wọ́ ná!

Kábíyèsí kí yín o! Ọlọ́jà Òkè-Ọ̀sà, ọba tó ń gbé orí òkè tó sì ń jẹ ẹja tútù, ó kí yín! Ó ní kí Kúyọ̀rọ̀ akéde gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yí ìlú ká, kó sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ojúde mẹ́fà. Kúyọ̀rọ̀ ti sọ ọ́ ní márùn-ún. Agogo kẹ̀kẹ́ ló ń lù káàkiri, nítorí agogo irin tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ti là sí méjì. Ẹkẹfà rèé. Ìparí rèé. Kúyọ̀rọ̀ ti dé kọ́nà òkè, níwájú ilé Ìyá Ṣẹ̀gilọlá, ìdí lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ kan lórí àpáta, kí gbogbo yín lè rí i. Ibí ni ẹní edé mẹ́ta gbé dí ọ̀nà pa!

Ẹ má tẹ edé o! Ẹ má tẹ edé! Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ yéé ti àwọn tó wà níwájú!

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún rèé. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni àjọgùn kẹ̀kẹ́ ìlú mẹ́ta. Ìdó-Ẹlẹ́ja ń bọ̀. Etí-Àgbọn ń bọ̀. Wọ́n á gun òkè wa, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí etí òkun wa, wọ́n á jẹ ẹja wa, wọ́n á sì fi ìlara sùn. Àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló gòkè, òun náà ló sọ̀. Àpáta wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ọ̀gbun wà lápá òsì, edé Ìyá Ṣẹ̀gilọlá sì wà láàárín. Bí edé ò bá kúrò, Ìdó-Ẹlẹ́ja ni wọ́n máa gbé àjọgùn náà lọ. Ìdó-Ẹlẹ́ja! Àwọn tí òkè wọn ò ju òkìtì ọ̀gán lọ!

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níwájú òkè, níwájú òkun. Kì í ṣe Ìyá ló jẹ̀bi.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo wà ní ìlú yìí, tíṣà ilé-ìwé ìjọ ló ni ín. Ìyá Ṣẹ̀gilọlá ò tíì lọ́kọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó rántí. Bí tíṣà yẹn bá dé iwájú àgbà, á bọ́ sílẹ̀. Á fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni di ìwo màlúù mú, á dọ̀bálẹ̀, á dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bá bi í. Lẹ́yìn náà á fa kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ títí yóò fi kúrò lójú àgbà, kó tó tún gùn ún. Ojoojúmọ́ ló ń pẹ́ dé ilé-ìwé. Kò sí ẹni tó bá a wí.

Lónìí, ogójì kẹ̀kẹ́ ni, ti ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ìlú. Táyà wọn gbàǹgbà gbàǹgbà. Akoto lórí wọn, awò dúdú lójú wọn. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń kọjá, fìrì! Atẹ́gùn wọn á fẹ́ gèlè kúrò lórí Ìyá, agogo wọn á ní kírín, ó parí. Bẹ́ẹ̀, Ìyá á ti wẹ̀ láti àárọ̀, á ti lé tìróò, á ti gbé àpótí sójúde, á máa retí. Àwọn ọmọ tirẹ̀ wà lókè òkun. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kí i, lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Ó ní ogójì ènìyàn ló ń gba iwájú òun kọjá, kò sí ẹnu kan láàárín wọn. Ó ní ṣé òun ti di òpó iná ni?

Sátidé tó kọjá wá dé. Ìyá ka ogójì tó gòkè. Mọ́kàndínlógójì ló sọ̀ kalẹ̀! Ìyá nà dìde. Ó ń pariwo pé ẹnì kan kù lókè o, ẹnì kan kù lókè! Àwọn oníkẹ̀kẹ́ rò pé ìyá arúgbó ń yẹ́ àwọn sí ni. Wọ́n juwọ́ sí i. Wọ́n lu agogo sí i. Wọ́n lọ jókòó sétí òkun, wọ́n ń jẹ ẹja díndín, wọ́n ń mu omi àgbọn, kò sẹ́ni tó ka ẹnì kejì rẹ̀.

Ìyá mú ọ̀pá. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin! Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè. Ta ló bá nínú kòtò, tí kẹ̀kẹ́ sùn lé láyà bí ọmọ ọwọ́? Olóyè Lísà ni! Alága ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́! Ẹni tó ní òun ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún àwọn yòókù! Lísà gbójú sókè, ó ní ẹ káàárọ̀ o, Ìyá. Ìyá ní káàárọ̀ wo? Oòrùn ti kọjá àtàrí. Ọdún méjì lo ti ń gba ojúde mi kọjá, inú kòtò lo ti wá rántí.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá sá edé sójú ọ̀nà.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ gbé àpò iyọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, ó dá a padà. Wọ́n gbé aṣọ lọ, ó dá a padà. Wọ́n ní àwọn á fi orúkọ rẹ̀ pe kọ́nà yìí. Ó ní orúkọ òun ni wọ́n ti ń pè é kí wọ́n tó bí wọn. Ni Kábíyèsí fúnra rẹ̀ bá fẹsẹ̀ rìn wá, ó ní Ìyá, kí lẹ fẹ́? Ìyá ní kí wọ́n kí òun ni. Ó ní òun ò fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí òun ò ní lè dáhùn mọ́ ni gbogbo wọn á wá tò lọ rẹrẹ wá kí òun.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Kúyọ̀rọ̀ ò ní tún un sọ.

Ìgbìmọ̀ bá jókòó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Wọ́n ń wá ìkíni tó yẹ ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ẹnì kan ní kó máa ní ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní òun náà ṣáà jókòó, ta ni kó wá kí ta? Olóyè Lísà ní wàhálà wo ló wà níbẹ̀, ó ní èèyàn lè dọ̀bálẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ láì dúró. Wọ́n ní kó ṣe é káwọn rí i. Ó ṣe é. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé etí òkun. Òun dé ìdí igi kajú.

Báyìí ni àṣẹ ṣe jáde. Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Láti ìgbà tí ìkéde ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ òní ni àṣẹ yìí ti ń mú èèyàn!

Àṣẹ kìn-ín-ní! Agogo kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ìkíni! Ó di ẹ̀ẹ̀kejì: agogo kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ìkíni! Adìẹ la fi ń lé. Àgbà kì í ṣe adìẹ.

Àṣẹ kejì! Ẹni tó bá dé kọ́nà yìí, ìbáà máa gòkè, ìbáà máa sọ̀, kó tẹ bíréèkì, kó bọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì! Ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, ìṣe lékeléke nìyẹn. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀. Obìnrin á kúnlẹ̀. Ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ fún débi pé kò lè tẹ̀, kó lọ wá òmíràn wọ̀.

Àṣẹ kẹta! Akoto kúrò! Awò dúdú kúrò! Ìyá ò dá ọmọ ènìyàn mọ̀ nínú akoto. Iwájú orí ló fi ń mọ̀ yín, torí ó mọ iwájú orí àwọn baba ńlá yín.

Àṣẹ kẹrin! Ẹ dúró gba èsì! Bó bá béèrè ìyá rẹ, dáhùn. Bó bá béèrè orúnkún ìyá rẹ, dáhùn. Kò sí mò ń sáré níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní láì kí Ìyá, kò ṣe ipò kankan. Ewúrẹ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí lọ́nà ni wọ́n á fi ife ẹ̀yẹ rẹ̀ fún.

Àṣẹ karùn-ún! Ti Ìyá fúnra rẹ̀ nìyí, kẹ́nikẹ́ni má baà ní Kábíyèsí ń ṣègbè. Bí àwọn tó tò bá ti ju mẹ́wàá lọ, Ìyá kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọdún tí òkun gun ọjà. Ìtàn náà dùn. Ìlú mọ̀ pé ó dùn. Àmọ́ ó gùn ju òkè yìí lọ.

Àṣẹ kẹfà, òun ló wúwo jù! Bí ẹni ìkẹyìn bá ti kí Ìyá tán, Ìyá á sọ bóyá wọ́n pé. Títí yóò fi ní wọ́n pé, kò sí ẹja díndín! Kò sí omi àgbọn! Bí ẹnì kan bá kù lókè, gbogbo wọn á padà lọ wá a. Kódà bó jẹ́ Lísà!

Ìyà ńkọ́? Ìyà ń bẹ! Ẹni tó bá rú àṣẹ kan, á ru kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí gun òkè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá rú méjì, ẹnu ni yóò fi fẹ́ táyà gbogbo ẹgbẹ́. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pọ́ǹpù. Ẹni tó bá wá kọjá láì kí Ìyá rárá, ewúrẹ́ ìlú yìí ni yóò máa kí, lọ́kọ̀ọ̀kan, àyà nílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dìde títí ewúrẹ́ yóò fi dáhùn! Kì í ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́ lásán o. Kó béèrè ará ilé!

Ìyá Ṣẹ̀gilọlá, àṣẹ rèé. Ìlú ń wò yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká edé.

Ẹ wò ó! Ìyá ti dìde! Ó ti bẹ̀rẹ̀! Ẹní kìíní ti ká! Ẹní kejì ti ká! Ó dé ìdí ẹní kẹta...

Ó dúró.

Ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́ ná! Ìyá ń sọ̀rọ̀. Ó ní Kábíyèsí kí òun, òun gbọ́, kí adé pẹ́ lórí. Ó ní ti Kábíyèsí nìyẹn. Ó ní Kúyọ̀rọ̀ ńkọ́?

Ẹ̀yin ará Òkè-Ọ̀sà.

Kúyọ̀rọ̀ gun kẹ̀kẹ́ dé. Kúyọ̀rọ̀ lu agogo. Ìdí Kúyọ̀rọ̀ wà lórí kẹ̀kẹ́ di ìsinsìnyí, akoto ń bẹ lórí rẹ̀. Ojúde mẹ́fà ló ti kéde pé kí wọ́n máa kí Ìyá. Òun alára ò kí Ìyá!

Ẹ yéé rẹ́rìn-ín! Ẹ yéé! Ta ló ń fa ewúrẹ́ bọ̀ yẹn? Olóyè Lísà, ẹ dá ewúrẹ́ yẹn padà!

Kúyọ̀rọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ o. Ẹsẹ̀ méjèèjì. Akoto ti kúrò. Àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀. Iyanrìn ti wọ ẹnu akéde, ẹ má bínú bí ìkéde ò bá já gaara mọ́. Ẹ kú ìjókòó, Ìyá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú kíkà wa, ẹ̀yin tí ẹ kà wá nígbà tí a ò ka ara wa.

Ìyá ń wo iwájú orí rẹ̀. Ó ní ọmọ Ṣówùnmí akéde tó tún ń pẹja ni, wọ́n fi òórùn ẹja bí i. Ó ní ṣé ìyá rẹ̀ ti lè tẹ orúnkún? Kúyọ̀rọ̀ ní ó ti ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyá ní ìyàwó ńkọ́, ṣé òkun ni yóò gbé e wá fún un ni? Ìyẹn ò sí nínú àṣẹ o! Àmọ́ Kúyọ̀rọ̀ ń dáhùn. Ó ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá rẹ́rìn-ín! Ó bẹ̀rẹ̀! Ẹní kẹta ti ká! Ọ̀nà ti là! Ẹ lọ sọ fún Ìdó-Ẹlẹ́ja kí wọ́n fọ táyà!

Kírí... rárá, Kúyọ̀rọ̀ ò ní lu agogo mọ́.

Ẹni tó gbọ́, kó kí ẹni tí kò gbọ́! Ẹni tí wọ́n bá kí, kó dáhùn! Ẹnu Ọlọ́jà ló ti wá, ẹnu Kúyọ̀rọ̀ ló ti jáde, láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ́nà òkè, níbi tí Ìyá ò tíì ní kó dìde.