Kámẹ́rà Tí Yóò Ya Àgùàlà

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì ọdún 2025, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ni Dúrósinmí ní. Ó ti gboyè nínú ìmọ̀ físíìsì, kò sì tíì rí iṣẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé kan ní Basawa sọ fún un pé bí ó bá lè fi àwòrán àgùàlà tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yà han àwọn ọmọ kíláàsì lọ́la, iṣẹ́ olùkọ́ di tirẹ̀. Ó ti yá awò gbọọrọ tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run. Kámẹ́rà ló kù. Ìdí nìyí tí ó fi dúró ní ṣọ́ọ̀bù Alhaja Hassanat ní Sabon Gari, ní Zaria. Alhaja jókòó sáàárín ṣájà àti wáyà, ó ń jẹ kúlíkúlí.

"Ẹ kú ọjà, Alhaja. Kámẹ́rà kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́, èyí tí kò wọ́n."

"Sannu, ọmọ mi. Wo èyí. Bí o bá fi wo èèrà, o ó ka eyín ẹnu rẹ̀."

"Èèrà kọ́ ni mo fẹ́ wò. Àgùàlà ni."

"Èyí tó wà lókè? To. Mú eléyìí, ó ní iná lára. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí o tan iná sí i lójú."

"Iná yẹn ò lè dé Tukur-Tukur tó wà nítòsí yìí, Alhaja, ká tó máa sọ ti àgùàlà."

Alhaja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa kámẹ́rà kékeré kan tí eruku ti bò yọ nísàlẹ̀ àpótí. Dúrósinmí gbà á, ó fi ìka yí dígí ojú rẹ̀. Ó yí. Dúrósinmí rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Èyí gan-an ni. Ojú rẹ̀ ṣeé tú."

"Kí lo fẹ́ fi ojú rẹ̀ ṣe?"

"Màá yọ ọ́ kúrò."

"Haba! O fẹ́ yọ ojú kámẹ́rà kó tó lè ríran?"

"Awò gbọọrọ tí mo yá ni yóò ṣe ojú fún un."

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Fọ́tò mélòó lo tiẹ̀ fẹ́ yà?"

"Bí ẹgbẹ̀rún méjì. Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run máa ń mi àwòrán rẹ̀. Màá ṣa àwọn tó dúró dáadáa, màá tò wọ́n lé ara wọn, wọn yóò di ẹyọ kan."

"Ẹgbẹ̀rún méjì nítorí ìràwọ̀ kan! Onífọ́tò tó ya ìgbéyàwó Islamiyat ọmọ mi ò yà tó ìdajì ìyẹn, ó sì jẹ abọ́ ìrẹsì mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni kámẹ́rà yẹn."

"Mẹ́sàn-án."

"Albarka," ni Alhaja wí, ó sì gba ọjà rẹ̀ padà, bí àwọn oníṣòwò Zaria ti ń ṣe bí owó kò bá wọ̀ wọ́n létí.

Dúrósinmí fa fóònù yọ kí obìnrin náà lè mọ̀ pé òun kò ṣeré wá.

"Ẹ wo èyí tí ẹnìkan yà lánàá. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ yà."

Alhaja wò ó. Nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló rí, ó tẹ̀, ó sì ní ìwo méjì. Ó pọ kúlíkúlí ẹnu rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Subuhanallahi! Oṣù ti lé!"

"Alhaja..."

"Oṣù ti lé lánàá, èmi sì ń jẹun lọ́sàn-án gangan! Ààwẹ̀ ọjọ́ kan ti bọ́ lọ́wọ́ mi! Fóònù mi dà? Kí n pe Bàbá Islamiyat ní Ìlọrin kó tó mumi."

"Ẹ má pè é! Àgùàlà nìyẹn!"

"Àgùàlà wo ló ní ìwo?"

"Òun náà máa ń ku tẹ́ẹ́rẹ́ bí oṣù. Ojú lásán ni kò lè rí i."

Alhaja dorí fóònù náà kodò, ó tún un wò. Ó wo Dúrósinmí. Ó rọra ti kámẹ́rà sábẹ́ itan.

"Mi ò tà á mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀túnla la máa wo oṣù ààwẹ̀. Ìwọ fẹ́ gbé tìrẹ jáde lọ́la. Àwọn ọmọ á fi fóònù yà á, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn. Basawa á jí sààrì, Bomo tó múlé tì í á ní kò tíì yá. Bí ìjà bá dé, wọ́n á béèrè ẹni tó ta kámẹ́rà."

"Màá kọ ọ́ sí i lára pé kì í ṣe oṣù."

"Ta ló ń kàwé lára àwòrán? Dúró kó tún yí roboto, kí o tó yà á."

"Ó di ìparí ọdún."

"Kí ọ̀gá ilé ìwé náà dúró."

"Kò ní dúró, Alhaja." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Èmi ni mo ti ń dúró láti ọdún mẹ́rin."

Alhaja fa kámẹ́rà yọ lábẹ́ itan, ó fi etí aṣọ nù ún.

"Mú mẹ́sàn-án wá. Ṣùgbọ́n o máa búra pé ọmọ kankan ò ní fi fóònù yà á."

"Mo búra."

"Báyẹn kọ́. Fi nǹkan búra."

"Mi ò mú Bíbélì wá."

"Ta ló bi ọ́ léèrè Bíbélì? Fi iṣẹ́ yẹn búra. Òun ni mo rí i pé o bẹ̀rù."

Ó fi í búra.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí àwòrán tẹ́ẹ́rẹ́ oníwo méjì kan bá ti Basawa dé orí fóònù rẹ, má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Pa á rẹ́. Iṣẹ́ Dúrósinmí wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ.