Bàbá Tó Wọ Gáùn Nítorí Sùúrù

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ ó ní irọ́ ni. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi akọ̀wé ààfin, tí mo jókòó nídìí tábìlì, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí ẹ̀rín.

Ìyá Aránṣọ ló pẹjọ́. Opó ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní yàrá iwájú ilé rẹ̀. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Bàbá Alágogo, aládùúgbò rẹ̀, tó ti ń tún agogo ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ títí etí rẹ̀ kò fi gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí dùbúlẹ̀ sáàárín ilé ẹjọ́, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀. Ajá aláwọ̀ ilẹ̀ kan ni, tí etí kan nàró, tí èkejì wó lulẹ̀.

Kábíyèsí jókòó, àwọn olóyè mẹ́ta jókòó tì í. Ọ̀kan nínú wọn, Olóyè Gìrìpá, ọkùnrin tó ga tó sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ti ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Gbogbo wa mọ̀ pé ajá ló ń bà á lẹ́rù.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ sọ tẹnu yín," Kábíyèsí wí.

"Kábíyèsí, bàbá yìí ti gba Sùúrù mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Ẹ rọra, ìyá. Ẹ ní sùúrù."

"Òun gan-an ni mo wá gbà, Kábíyèsí! Sùúrù ni orúkọ ajá mi!"

Kábíyèsí wúkọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ajá ni Sùúrù, kí ẹjọ́ má baà rú wa lójú.

"Ọmọ mi obìnrin bímọ lókèèrè," ìyá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo ní kí n lọ bá a gbé ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di mẹ́fà. Bàbá yìí ni mo bẹ̀ pé kó wá máa gbé ilé mi, kó bá mi tọ́jú ajá. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: oúnjẹ rẹ̀, omi rẹ̀, ìgbà tó ń jáde. Mo kọ ọ́ pé ajá mi kì í gun bẹ́ẹ̀dì. Mo fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì!"

"Nígbà tí ẹ dé ńkọ́, kí lẹ bá nílé?"

"Aago méje àárọ̀ ni mo ṣílẹ̀kùn. Sùúrù wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó fi ìrọ̀rí mi rọrí. Bàbá yìí wà nílẹ̀, lórí ẹní ajá, ó ń hanrun. Gáùn mi aláwọ̀ búlúù ló sì wà lọ́rùn rẹ̀, tó ti ya lẹ́yìn láti òkè délẹ̀!"

"Lọ́rùn ajá ni àbí lọ́rùn bàbá?" Olóyè Gìrìpá bèèrè.

"Lọ́rùn bàbá!"

Ariwo sọ. Kábíyèsí na ọwọ́ títí ó fi rọlẹ̀.

"Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù," ìyá wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Sùúrù dìde, ó wò mí, ó sì gbó mi. Ó gbó mi bí ẹni gbó olè, nínú ilé ara mi. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi tọ́ ọ, Kábíyèsí. Ọkọ mi ti lọ, àwọn ọmọ mi tú ká, ajá yìí nìkan ló kù tó ń bá mi gbé. Ẹ ní kí bàbá dá a padà fún mi bó ṣe rí tẹ́lẹ̀."

Kábíyèsí kọjú sí Bàbá Alágogo. "Bàbá, ẹ jẹ̀bi àbí ẹ ò jẹ̀bi?"

"Mi ò jẹ̀bi rárá, Kábíyèsí. Ajá ò gbàgbé ìyá yìí. Ohun tó jẹ́ kó gbó o ni pé ó mọ̀ pé Ìyá Aránṣọ ti wà nílé tẹ́lẹ̀."

"Níbo ló wà nílé?"

"Èmi ni, Kábíyèsí."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni Ìyá Aránṣọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Ibẹ̀ ni bírò ti kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé," bàbá wí. "Nígbà tí ìyá lọ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ajá yìí ò fi jẹun. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀. Mo tiẹ̀ jẹ díẹ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀, kó lè rí i pé ó dùn."

"Ẹ jẹ oúnjẹ ajá?"

"Díẹ̀ ni, Kábíyèsí. Iyọ̀ rẹ̀ ò tó. Ìgbà tí apá mi ò ká a mọ́ ni mo pe dókítà ẹranko lórí fóònù. Òun ló ní kí n wọ aṣọ ìyá."

Obìnrin kan fò dìde láàárín èrò, ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. "Irọ́ ni! Èmi ni dókítà náà. Mo ní kí ẹ tẹ́ aṣọ ìyá sórí ẹní ajá, kó lè máa gbóòórùn olówó rẹ̀!"

"Wọ̀ lẹ wí."

"Tẹ́ ni mo wí!"

"Ẹ wo bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ nílẹ̀, Kábíyèsí. Ta ló lè gbọ́ ìyàtọ̀?"

Ohùn tó ń lọ nílẹ̀ yìí ti jí ọmọ kan tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Bí ẹ ṣe wá wọ̀ ọ́, ṣé ajá jẹun?" Kábíyèsí bèèrè.

"Ó jẹun o! Bí mo ṣe kó sínú gáùn báyìí ló dìde, ó gbóòórùn mi yíká, ó jẹ abọ́ méjì. Ṣé kí n wá bọ́ ọ ni? Lọ́jọ́ kejì, ó lọ dúró sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń wò mí. Ibẹ̀ ló máa ń sùn tí ìyá bá ń ránṣọ. Mo bá jókòó, mo ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ fún un kó lè sùn. Ìtẹ̀ tí mo tẹ̀ ẹ́, ká ní kẹ̀kẹ́ ni, ǹ bá ti lọ bá ìyá níbi tó wà, ǹ bá sì ti padà."

"Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?"

"Mo lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní rẹ̀ kó má baà dá sùn. Ó wò mí, ó wo ẹní, ó dìde, ó gun bẹ́ẹ̀dì lọ. Mi ò lè tẹ̀lé e débẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì opó ni, Kábíyèsí! Kí layé máa wí?"

"Ẹ sì wọ gáùn opó."

"Ìyẹn yàtọ̀. Ti ìlera ajá nìyẹn."

Ìyá Aránṣọ ní kí wọ́n má dá bàbá lóhùn, pé òun ní ẹlẹ́rìí. Aṣebúrẹ́dì tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà bọ́ síwájú, ìyẹ̀fun ṣì wà lójú ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Sọ fún ilé ẹjọ́," ìyá wí, "ohun tí o rí nígbà tí mi ò sí nílé."

Aṣebúrẹ́dì wò ó pẹ̀lú ìyanu. "Ìgbà wo lẹ ò sí nílé, mà?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà!"

"Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi o. Ìyá Aránṣọ ò lọ síbì kankan. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí wọn lójú fèrèsé, nínú gáùn búlúù wọn, nídìí ẹ̀rọ. Mo ń kí wọn, wọ́n ń dá mi lóhùn. Mo tiẹ̀ na ṣòkòtò mi sí wọn lójú fèrèsé pé kí wọ́n bá mi gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Wọ́n ní, 'Ó dáa, ọmọ mi.'"

"Ṣé wọ́n gé e kúrú?"

"Wọ́n rán ẹnu ẹsẹ̀ méjèèjì pa ni. Mo rò pé oge tuntun ni."

"Irùngbọ̀n ńkọ́?" Kábíyèsí bèèrè. "Irùngbọ̀n bàbá yìí kan àyà!"

"Mo rí irùngbọ̀n náà, Kábíyèsí. Mo ní ó lè jẹ́ pé ọjọ́ orí ló dé. Ẹ̀kọ́ ilé ni ò jẹ́ kí n bèèrè."

Ẹ̀rín tó bú, òrùlé ló gbà á. Olóyè Gìrìpá rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi já sílẹ̀. Ajá gbórí sókè. Ẹsẹ̀ náà padà sórí àga kíá.

"Bàbá, ohùn wo lẹ fi ń dá ọkùnrin yìí lóhùn?"

"Ohùn obìnrin, Kábíyèsí."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ."

Ojú ti bàbá. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó tún ọ̀fun ṣe. Ló bá gbé ohùn tín-ín-rín kan jáde: "Sùúrù! Ọmọ mi, wá jẹun o!"

Ajá dìde fùú, ó ń ju ìrù.

Ìyá Aránṣọ náà dìde. "Sùúrù! Ọmọ mi, wá jẹun o!"

Ajá yíjú. Ó wo ìyá, ó wo bàbá, ó tún wo ìyá. Ó jókòó sáàárín wọn, ó sì ké bí ẹni tí ayé rú lójú.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀," dókítà ẹranko wí, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Ojú kọ́ ni ajá fi ń mọ èèyàn jù, imú ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìyá yìí fi gbé ọmọ tuntun sáyà. Pàúdà ọmọ, ọṣẹ ọmọ, wàrà ọmọ. Òórùn Ìyá Aránṣọ ò sí lára rẹ̀ mọ́. Ara bàbá ló kó lọ."

Ìyá tú ìborùn tuntun tí ọmọ rẹ̀ fún un, ó gbé e sórí àga. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Kò pe ajá mọ́, ó kàn na ọwọ́ òsì, ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ti ń gún láti ogójì ọdún.

Sùúrù wá díẹ̀díẹ̀. Ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́. Ó sín. Ó gbóòórùn ọrùn ọwọ́, ó ń lọ sókè. Nígbà tó dé abíyá, ó dúró. Ló bá ti gbogbo orí bọ abẹ́ apá ìyá, kò sì yọ ọ́ jáde mọ́. Ìrù rẹ̀ ń gbálẹ̀ ààfin.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olóyè Gìrìpá ń fi ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ni.

Kábíyèsí wá ní, "Bàbá Alágogo, ajá ti ń jẹun láti ọjọ́ kẹrin. Kí ló dé tí ẹ ò bọ́ gáùn yìí títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà?"

Bàbá ń fi ọwọ́ yí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. "Ó di ọdún méjì tí ìyàwó mi ti kú, Kábíyèsí. Nínú ilé mi, agogo nìkan ló ń dún. Tí mo bá jáde, tí mo bá wọlé, kò sí ẹ̀dá tó ń dìde pàdé mi. Ajá yìí ń dìde. Mo mọ̀ pé ìyá ló rò pé òun ń pàdé o. Mo ní kò burú, kí n máa bá ìyá gba ìkíni náà títí yóò fi dé."

Ìyá Aránṣọ wò ó láti ilẹ̀ níbi tó wà. "Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Ẹ ò bi mí."

Kábíyèsí bá àwọn olóyè sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì jókòó dáadáa. Ó ní kí n kọ ọ́ bí òun bá ṣe ń sọ ọ́.

"Aṣebúrẹ́dì, ìwọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́."

"Kábíyèsí, wọn ò pè mí lẹ́jọ́ o! Ẹlẹ́rìí ni mí!"

"Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ jẹ́rìí sí ohunkóhun tí o bá fi ojú rí. Tí nǹkan bá jóná nìkan ni kó o wá, nítorí imú rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́."

Aṣebúrẹ́dì dúpẹ́, kò mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún.

"Ìyá Aránṣọ, tiyín ni Sùúrù. Ojú gbogbo wa ló ṣe. Bàbá Alágogo, ẹ jẹ̀bi. Mi ò bá yín jà nítorí gáùn. Aṣọ kì í bèèrè ẹni tó wọ òun. Ẹ̀ṣẹ̀ yín ni pé ẹ ṣiṣẹ́ aránṣọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìmọ abẹ́rẹ́ mú. Ẹ̀wọ̀n ni, pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára, nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá. Láràárọ̀, ẹ ó máa lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, títí ẹ ó fi rán gáùn mìíràn dípò èyí tí ẹ fà ya. Ọjọ́ tó bá pé, tí apá rẹ̀ méjèèjì gùn dọ́gba, lọ́jọ́ náà lẹ gba òmìnira."

Ìyá Aránṣọ gbé ọwọ́ sókè. "Kábíyèsí, ẹ ṣàánú. Ojú bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Òwú lásán ò lè wọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè rán gáùn yẹn láéláé."

"Mo mọ̀," Kábíyèsí wí. "Ẹ̀wọ̀n gbére ni mo dá fún un."

Bàbá Alágogo gbìyànjú láti fajú ro bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́wọ̀n. Kò ṣeé ṣe fún un. Ẹ̀rín ti kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan ló kù, Kábíyèsí," ìyá wí. Ó ti dìde, ajá sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. "Ọmọ mi kejì náà ti lóyún. Tí mo bá tún fẹ́ rìnrìn àjò, kí ni kí n ṣe?"

"Ó rọrùn. Ẹ mú ajá dání. Bàbá ni kí ẹ wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ títí ẹ ó fi dé."

Gbogbo ojú yí sí bàbá.

"Mi ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu o," ó sọ kíákíá. "Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ń jẹun lójúmọ́. Kí wọ́n ṣáà ti máa mú mi jáde nírọ̀lẹ́."