Omi Gbígbóná Nídìí Igi Obì

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, Sátidé kan báyìí ní Ìlárá Rẹ́mọ ò ní kúrò lọ́kàn mi. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí, mo gbọ́n ju ara mi lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé kan tán ni. Wọ́n ní epo rọ̀bì ibòmíràn máa ń ki nínú ilẹ̀ bí ọ̀dà, kì í ṣàn. Àwọn òyìnbó kọ́kọ́ ń dáná sun díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ìyókù lè yọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi páìpù rán ooru omi híhó lọ bá a nísàlẹ̀.

Àfi bí mo ṣe rí ohun dúdú kan tó ń dán nídìí igi obì ìyá mi lẹ́yìnkùlé! Igi kan ṣoṣo tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún un nìyẹn. Obì rẹ̀ ló ń gbé lọ tà lọ́jà Sábó lọ́dọọdún.

"Màámi, epo rọ̀bì rèé!"

"Epo kẹ̀? Igi mi ńkọ́?"

"Ṣebí bí ẹ bá fún ẹyìn tán, omi gbígbóná lẹ ń dà sí ìhá rẹ̀ kí epo tó kù lè jáde? Ọgbọ́n kan náà ni."

Ó wò mí títí. "Ìwọ lo kàwé," ló wí, ló bá bá mi ko igi ìdáná wá fúnra rẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ló ń dùn mí jù.

Mo ri páìpù mọ́lẹ̀, mo ń rọ omi híhó sí i, àgbá kan, àgbá kejì. Ooru ru padà bò mí lójú, mo ta sẹ́yìn, mo jókòó sínú ẹrẹ̀ gbígbóná. Ẹ má bi mí níbi tó jó. Àwọn aládùúgbò ti pé lé mi lórí. Ni nǹkan dúdú bá léfòó.

"Ó jáde o!" Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fi pa síńgílẹ́ẹ̀tì mi.

Múfú tó ní ẹ̀rọ ìlọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọjú lórí ògiri.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mi lẹ ń wa jáde yẹn. Ibẹ̀ ni mo ń da èyí tó bá ti gbó sí."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, àfàìmọ̀ kí wọ́n má gbọ́ ọ ní Ibido lọ́hùn-ún. Èmi náà rín díẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ewé igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Kí oṣù tó parí, ó ti gbẹ ráúráú. Ọ́ìlì Múfú ò pa á láti ọjọ́ yìí wá. Omi tèmi ló ṣe é.

Ìyá mi ò bá mi jà. Nígbà tí àkókò obì dé, mo sìn ín lọ sí Sábó kó lè ra obì ẹlòmíràn tà. Oníbàárà rẹ̀ kan béèrè pé, "Ìyá, obì yín tó máa ń tóbi ńkọ́ lọ́dún yìí?"

Ó nawọ́ sí mi. "Tíṣà mi ti sè é."

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìwé ò kúkú purọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi; èmi ni mi ò béèrè ibi tí epo ti wá kí n tó gbé omi kaná. Mo gbin òmíràn dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n obì kì í kánjú so, Màámi ò sì dúró dè é. Bí mo bá rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í kọjá eyín.